Ìbọn Bàbá Mi Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Rẹ

Ilé wa, Ìbà,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Wàsíù Àlàó, ọmọ mi,

Bí o bá rí i pé Bọ́lá akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ayálégbé wa, ni ó gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ ní Òkókómáíkò, má rò pé ara mi kò yá. Ara mi le. Ẹsẹ̀ mi náà le, mo lè rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹnu mi ni n kò fọkàn tán. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí o wá sílé, mo ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká tó ṣẹ́jú, èmi ti ń pariwo, ìwọ náà ti ń pariwo, àwọn ayálégbé sì ti yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. O bínú jáde, o kò jẹ ẹ̀bà tí mo tẹ̀ sílẹ̀ dè ọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Èmi àti ìwọ kò yọ obì lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire ná. Gbogbo ọdún tí o lò lábẹ́ ọ̀gá rẹ ní Àlàbá kò já sí asán. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ, tí ọ̀gá rẹ gbé irin tí ẹ fi ń lẹ wáyà lé ọ lọ́wọ́, tó sì gbàdúrà fún ọ, ẹkún ayọ̀ ni mo sun, mo sì ṣe bí ẹni pé èéfín ló wọ̀ mí lójú. O ti kúrò lábẹ́ òrùlé mi, o ti gba yàrá tìrẹ, o ti di ọkùnrin. Ṣọ́ọ̀bù ló kù. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìbọn ti wọlé.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé o kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni ó rú lójú, mo sì rò pé bí mo bá tò ó sórí pépà, bóyá yóò yé mi.

Ìbọn olójú méjì yìí, ti bàbá mi ni. Ó fi dẹ ìgbẹ́ nígbà tí ẹ̀yìn Ìbà yìí ṣì jẹ́ igbó, kí ilé tó bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹbí jókòó, wọ́n pín ogún ní ìdí igi ìyá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ìyálé gba ilé, àwọn ọmọ ìyá kejì gba ilẹ̀ tó kù. Ìyá tèmi, èmi nìkan ló bí, wọ́n ní kí ìdí igi tiwa gba ìbọn. Bùọ̀dá Sálámì, ẹ̀gbọ́n mi tí í ṣe olórí ẹbí, gbé e sókè, ó wò mí, ó sì gbé e kọjá níwájú mi, ó gbé e lé ìwọ lọ́wọ́. Ó ní obìnrin kì í gba ìbọn ọdẹ. Mo ṣe àmín bíi gbogbo èèyàn. Ìwọ fúnra rẹ lo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ nílé mi níbí, nínú àpò, pẹ̀lú agolo mílíìkì tí ọta wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ṣe ni mo ń gbálẹ̀ yí i ká. Ìgbálẹ̀ mi gan-an kò kàn án rí.

Nísinsìnyí, o rí ọ̀gá kan tó ń ta fíríìjì ní Àlàbá tó fẹ́ rà á fún ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ọkùnrin náà wá sílé wa pẹ̀lú rẹ, ó wọlé, ó kí mi dáadáa, ó sì wo ìbọn náà bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ó bi mí pé, "Mama, e get paper?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Mo rò ó pé ọmọlúàbí ni, pé ẹni tó bá ń béèrè ìwé kì í ṣe olè. Mo gbé ìwé àṣẹ bàbá mi jáde, mo ní, "Paper dey, my brother." Ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yìí láti wá gbé e.

Wàsíù, rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́. Ìwọ mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ilẹ̀ nìkan sì ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń tà. Ìyẹn ni mo fi jókòó kọ rìsíìtì ìbọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ rìsíìtì ilẹ̀. Mo kọ orúkọ ìdí igi wa, mo fi àyè sílẹ̀ fún olórí ẹbí àti ẹlẹ́rìí méjì, mo lẹ sítáǹbù tí wọn yóò fọwọ́ sí lórí. Mo tilẹ̀ ti ń ronú ohun tí n ó kọ sí ibi tí a máa ń kọ ààlà sí.

Ìgbà tí mo fẹ́ fi ìwé àṣẹ bàbá mi mọ́ rìsíìtì náà ni mo tó ṣí i wò. Mo rí i pé ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ tuntun sí i, ti ọdún tí bàbá mi kú sì ni ìgbẹ̀yìn. Ó ṣe mí ní kàyééfì. Ilẹ̀ kì í béèrè òǹtẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ká ìwé náà, mo sì lọ sí tésàn ọlọ́pàá lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá.

Ọ̀gá kan tó sanra ni mo bá níbẹ̀. Mo fi ọgbọ́n wọ̀ ọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹnìkan bá jogún ìbọn, tó wá fẹ́ tà á, kí ló yẹ kó ṣe?"

Ó gbójú sókè. "Màmá, ẹnìkan yẹn, ibo ló ń gbé?"

"Ó jìnnà díẹ̀, sà."

"Ó jìnnà tó Ìbà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó. Mo sáré sọ pé ìwé rẹ̀ wà, pé bàbá náà kì í jẹ́ kí ọdún kọjá kó má sọ ọ́ dọ̀tun.

Ó ní, "Màmá, ṣé bàbá àwọn ọmọ yín ní láísẹ́ǹsì mọ́tò?"

"Ó ní in, sà. Dírẹ́bà ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

"Ṣé ẹ lè mú láísẹ́ǹsì yẹn, kẹ́ ẹ fi wa mọ́tò lọ sí Àgbádárìgì?"

"Háà! Èmi kẹ̀?"

"Ẹ ò rí nǹkan? Ti ìbọn náà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fún ni wọ́n fún. Ọjọ́ tí bàbá kú ni láísẹ́ǹsì yẹn ti kú."

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó bá fẹ́ ìbọn náà gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ tọrọ àṣẹ. Wọn yóò wádìí irú ẹni tó jẹ́. Bí wọ́n bá fún un láṣẹ, ìgbà náà ni wọ́n tó lè jẹ́ kí ìbọn kúrò ní orúkọ òkú, kó bọ́ sí orúkọ tirẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló yẹ kó wà, kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun àti ọta rẹ̀. Ó ní kété tí ẹbí sin bàbá ló yẹ kí wọ́n ti wá sọ. Ọdún méjì, Wàsíù!

Mo délé, mo ké sí Bọ́lá, lọ́yà tí kò tíì jáde nílé ìwé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá, ogún yín ni, ẹ lè tà á." Mo sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé ńlá kan wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ní, "Màmá, ó dá lórí." Mo ní ó dá lórí kí ni? Ó ní irú ìbọn ló dá lórí, àti irú àṣẹ, àti bóyá ẹni tó fẹ́ rà á ní àṣẹ, àti bóyá ohun tí a jogún ni ìbọn náà ni àbí ẹ̀tọ́ láti lò ó. Mo ní, "Bọ́lá, dákẹ́, o ń dá kún ìṣòro mi." Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa mọ́.

Mo lọ bá Bùọ̀dá Sálámì. Ó bínú sí mi. "Rábì, kí ló gbé ẹ dé tésàn? Ohun tí ẹbí bá ti pín, ó ti pín nìyẹn. Ṣé ọlọ́pàá ló máa wá pín ogún bàbá wa fún wa?" Mo ní rárá, sà. Nígbà tí mo jáde, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ọlọ́pàá náà, òótọ́ ló sọ. Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe máa jẹ́ òótọ́? Mo dúró lójú ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ.

Mo tún lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn ọdẹ. Òun ní ìbọn ọdẹ kì í jáde láàárín ọdẹ, pé ká kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, pé ṣé a tilẹ̀ parí ètùtù ìṣípà tí wọ́n fi ń yọ òkú ọdẹ kúrò lẹ́gbẹ́? N kò mọ̀. Obìnrin kì í débẹ̀. Mo bi í bóyá òun ní àṣẹ ìjọba. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé òun lè wá fi gbé ti bàbá mi? Ó fọwọ́ họ orí, ó ní rárá, ṣakabùlà ni òun gba àṣẹ fún, ọ̀tọ̀ ni ti olójú méjì. Ìyẹn ni pé ọdẹ àgbà gan-an kò lè gbé e.

Báyìí ni orí mi ṣe rí. Ṣùgbọ́n ìyá ni mí, bí orí mi bá tilẹ̀ dàrú, mo gbọ́dọ̀ gbà ọ́ nímọ̀ràn. Gbọ́ mi.

Èkíní, ẹbí lè fún ọ ní ìbọn, ẹbí kò lè fún ọ ní àṣẹ. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ Bùọ̀dá Sálámì àti ti ọlọ́pàá ti pínyà, bí ó tilẹ̀ ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò. Ìwé bàbá mi kò lè bá ọ mu, kò lè bá ọlọ́jà fíríìjì mu, bí a tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Èkejì, má gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Èèyàn dáadáa ni, n kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé kó lọ tọrọ àṣẹ tirẹ̀ ná. Bí wọ́n bá fún un, kí ó wá, kí a jọ lọ bá àwọn ọlọ́pàá, kí gbogbo rẹ̀ ṣojú wọn. Bí ó bá ní ìyẹn ti pẹ́ jù, jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọmọge, mo ra máṣíìnì ìránṣọ kan lọ́wọ́ obìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Ó ní ogún òun ni. Inú mi dùn, mo gbé e síta, mo ń rán aṣọ ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ilé ọkọ olóògbé dé, ìwé tí wọ́n fi rà á wà lọ́wọ́ wọn. Aṣọ ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e lọ níwájú gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó bá obìnrin náà wí, èmi ni wọ́n ń wò bí olè. Máṣíìnì ìránṣọ lásán nìyẹn o, kì í yìnbọn.

Ẹ̀kẹta, èyí tó bí mi nínú jù. O dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú, o ní bí wọn kò bá jẹ́ kí o tà á lódindi, ìwọ yóò tú u. O ní, "Màmá, tí mo bá ti tú u, kì í ṣe ìbọn mọ́, páàtì ni." Wàsíù! Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá. Ẹ ó tú u, ẹ ó ta gíláàsì rẹ̀ fún ẹnìkan, ẹ ó ta wáyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tẹlifíṣọ̀n á pòórá. Ìbọn kì í pòórá. Bí a bá kun adìẹ, ṣé kì í ṣe adìẹ náà ni a ń jẹ? Mo bi Bọ́lá, kò tilẹ̀ sọ pé ó dá lórí. Ó fò sókè ni, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó dán an wò o!" Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ni èkúté ilé fi ń pe ológbò níjà. Má fi ọwọ́ tí o fi kọ́ṣẹ́ ṣe ohun tí wọn yóò fi dè ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, nọ́ńbà wà lára irin ìbọn náà, ó sì wà nínú ìwé bàbá mi. Ká ní o tà á, kí ẹni tó rà á náà tún tà á, kí ó dé ọwọ́ ẹni tí kò ní àánú lójú. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà náà kò ní mú wọn lọ sí Àlàbá. Ìbà ni yóò mú wọn wá, orúkọ bàbá mi ni wọn yóò pè lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni n ó sì jáde dá wọn lóhùn.

Mo ní ẹ̀karùn-ún kan tẹ́lẹ̀, ó ti bọ́ lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí, n ó sọ ọ́. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ìkánjú ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó ku ohun tí n kò tíì sọ fún ọ, òun sì ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Lánàá, mo padà sí tésàn pẹ̀lú Bọ́lá, mo sì jẹ́wọ́ pé ẹnìkan tí mo wí yẹn kò jìnnà. Mo bi ọ̀gá náà bóyá kí n gbé ìbọn wá fún un. Ó kígbe. Ó ní, "Màmá, ẹ má gbé e dé ojú títì o! Ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà, a máa wá gbé e." Ó ní àwọn yóò wá láàárọ̀ Àlàmísì, kí ọta náà wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn yóò sì fún wa ní ìwé pé àwọn gbà á. Mo bi í bóyá wọn yóò fìyà jẹ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó wo fáànù òkè. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kò ṣèlérí, mo sì gbọ́ pé kò ṣèlérí.

Ó wá mú bírò, ó ní, "Ta ló ni ín?"

Ọmọ mi, gbogbo ẹjọ́ tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó rú mi lójú bí ìbéèrè yẹn. Bí mo bá ní ìwọ ni, ṣé n kò ti fi ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́ báyìí? Bí mo bá ní èmi ni, ṣé n kò purọ́ mọ́ ẹbí? Mo ní, "Bàbá mi ló ni ín, sà." Ó ní, "Bàbá yín ti kú, Màmá. Ẹni tó wà láyé ni mò ń béèrè." Bọ́lá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, n kò mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ọ̀gá náà ní kò burú, pé lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹni tó bá gbé e jáde lé àwọn lọ́wọ́ ni àwọn yóò kọ orúkọ rẹ̀.

N kò sùn lánàá. Mo kọ́kọ́ ní kí n ránṣẹ́ pè ọ́, kí o wá gbé e fún wọn, torí ìwọ ni ọkùnrin, ìwọ ni ẹbí fún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé n kò fẹ́ kí orúkọ rẹ wà nínú ìwé tésàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ, ìbáà jẹ́ fún ohun rere. Mo bi Bọ́lá pé ta ni òfin ní kó jọ̀wọ́ irú ohun bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí ohun náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni. Mo ní níkàáwọ́ ta ni ohun tó wà nílé mi wà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tiyín ni, Màmá." Mo ti ya rìsíìtì tí mo kọ. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú títí di àárọ̀ yìí.

Nípa ṣọ́ọ̀bù, gbọ́ èyí. Iwájú ilé tí mo ti ń ta kẹrosín-ìn, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò. Ẹ̀yìnkùlé tó fún kẹrosín-ìn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbà yìí ló ní rédíò tó ń họ bí olóńgbò. Gbé tábìlì rẹ wá síbẹ̀. Kì í ṣe Àlàbá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lé ọ kúrò níbẹ̀. Má ṣe ojú kò-tó-mi sí i, mo bẹ̀ ọ́.

Má wá láàárọ̀ Àlàmísì. Ọ̀sán ni kí o wá, n ó tẹ ẹ̀bà mìíràn. Àwọn ọlọ́pàá yóò ti lọ nígbà náà. Bí ẹ̀rù bá tilẹ̀ bà mí, èmi ni n ó wọ yàrá rẹ, n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n ó fa àpò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, nígbà tí wọ́n sì ń pín in, wọ́n gbé e kọjá níwájú mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí n ó gbé e ni ọjọ́ tí yóò jáde nílé wa. Bí wọ́n bá tún bi mí pé ta ló ni ín, mo ti mọ ohun tí n ó sọ. N ó ní kí wọ́n kọ Rábíátù sílẹ̀, ọmọ ọdẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí orí rẹ̀ dàrú, tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ.